Ta Ló Fún Wọn Kí Wọ́n Tó Fún Wa?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ báyìí tí gbólóhùn kan ti há mi lọ́kàn bí eegun ẹja. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹbí. Àwọn kan ti wá láti ọ́fíìsì ìjọba sí abúlé wa ní apá Ìjẹ̀bú, wọ́n ti ri òpó kọnkéré kéékèèké mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé méjì. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi wá ń ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, pé ìjọba máa ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹbí, wọ́n á sì fún wa padà. Ìyá Àgbà gbójú sókè, wọ́n ní: “Fún wa? Ta ló fún wọn kí wọ́n tó wá fún wa?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàbá kan wúkọ́, ẹlòmíràn ní kí wọ́n bu omi wá. Ìpàdé tú, kálukú sì gba ìlú tó ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi wọkọ̀, ó bá mi dé Ìbàdàn, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa. Nígbà tí mo wá ń ka ìtàn àwọn ẹ̀yà ìwọ̀-oòrùn Kánádà tí wọ́n múra láti bá ìjọba ṣàdéhùn lórí ilẹ̀ wọn, mo bá ìbéèrè Ìyá Àgbà pàdé níbẹ̀, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ọmọ Nisga'a ni ọkùnrin náà, David Mackay lorúkọ rẹ̀. Àfonífojì odò Nass, lápá àríwá ìpínlẹ̀ British Columbia, nilẹ̀ wọn. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba rán ìgbìmọ̀ kan wá láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ó sì dìde níwájú ìgbìmọ̀ náà. Ohun tó ń dùn wọ́n, ó ní, ni bí ìjọba ṣe ń sọ pé àwọn máa fún wọn ní ilẹ̀ tó báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń fún onínǹkan ní nǹkan rẹ̀? Wọn ò rà á lọ́wọ́ baba wọn, wọn ò jagun ṣẹ́gun wọn gbà á, wọ́n sì dúró níbẹ̀, wọ́n ń sọ pé àwọn ń fúnni.

Mo pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, “Ṣé wọ́n rí ilẹ̀ wọn gbà?” Mo ní ìtàn náà gùn. Wọ́n ní kí n máa sọ ọ́, pé àwọn ò níbi tí àwọn ń lọ.

Ọkọ̀ tó lọ tó padà lófìfo

Ní 1887, àwọn ìjòyè Nisga'a àti ti àwọn Tsimshian aládùúgbò wọn gba ojú omi lọ sí Victoria, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, láti bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba bá àwọn jókòó ṣàdéhùn. William Smithe, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ nígbà náà, sọ fún wọn pé nígbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé bá wọn, díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi sàn ju ẹranko ìgbẹ́ lọ. Àwọn àgbà ìjòyè ló ń bá wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sílé.

Ní 1890 wọ́n dá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Ní 1913 wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò gbọ́ ẹjọ́ wọn níbẹ̀. Nígbà tó di 1927, ìjọba Kánádà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin pé kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ ọmọ ìbílẹ̀ láti fi ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ láìgba àṣẹ ìjọba. Ọdún 1951 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Ọdún mẹ́rìnlélógún. Nínú ọdún mẹ́rìnlélógún, ọmọ tí wọ́n bí á ti dàgbà, á ti gbéyàwó. Àgbà tó mọ orúkọ gbogbo ìsun omi á ti kú. Ibí yìí ni mo dúró sí jù lọ nínú ìtàn wọn, nítorí àárín àkókò tí ẹnu wọn wà ní dídì yẹn ni wọ́n múra.

Abọ́ kan ṣoṣo

Ní tiwa, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, lọ́yà la kọ́kọ́ ń sáré wá. Àwọn yìí ò lè wá lọ́yà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Agbo mẹ́rin ni wọ́n: ti ẹyẹ ìwò, ti ìkookò, ti idì, àti ti àbùùbùtán. Nínú agbo kọ̀ọ̀kan, ilé pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtàn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní adaawak. Ìtàn yẹn ló ń sọ ibi tí baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá, òkè tó gùn, odò tó dúró sí, àti orúkọ tó jẹ́ níbẹ̀. Ibi àsè ni wọ́n ti ń sọ ọ́, nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ jẹ oyè, níwájú àwọn ilé yòókù tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá parọ́ ààlà níbẹ̀, ẹni tó mọ òtítọ́ rẹ̀ wà ní ìjókòó. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìwúyè rí nílẹ̀ Yorùbá, tó gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń tún ìtàn ara wọn ṣe lójú gbogbo èèyàn, kò ní béèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí.

Ìṣòro wà níbẹ̀ o. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ní ilẹ̀ tirẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀, ta ló máa bá ìjọba sọ̀rọ̀? Ìjọba á pe ilé kan sẹ́yìn, á fún un ní owó díẹ̀, á tún pe èkejì. Ìdáhùn wọn ni ohun tí wọ́n ń pè ní Saytk'ilhl Wo'osim', abọ́ kan tí gbogbo wọn jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo ilé, gbogbo abúlé gbà láti fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí gbogbo àfonífojì náà, kí ohun tó bá sì ti ibẹ̀ jáde jẹ́ ti gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n dá Nisga'a Tribal Council sílẹ̀ ní 1955, orí ìlànà yìí ni wọ́n gbé e kà.

Ó rọrùn láti kọ sílẹ̀. Nínú ẹbí tèmi, ìdí-igi mẹ́ta péré ni wá, a ò sì tíì lè ṣe é. Ìdí-igi kan ti ta tiwọn fún èèyàn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òmíràn ò wá sípàdé mọ́. Nígbà tí mo ń ka ọ̀rọ̀ abọ́ kan yìí, ojú ìpàdé wa ni mò ń rí: àga mẹ́jọ tó ṣófo, àti àwọn bàbá tó jókòó kẹ̀yìn síra wọn.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yan ọmọ kan. Frank Calder fúnra rẹ̀ sọ ìtàn náà nígbà tó dàgbà: àwọn àgbà fojú sí òun lára nígbà tí òun wà lọ́mọdé, wọ́n ní kí wọ́n rán an lọ sáàárín àwọn òyìnbó, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ronú, kó wá fi ṣí òkè tí àwọn ò rí ṣí nídìí. Ní 1949 ó wọlé ìbò sí ilé aṣòfin British Columbia, ẹni àkọ́kọ́ tí òfin Kánádà kà sí “Status Indian”, ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, tó wọ ilé aṣòfin kankan níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ẹjọ́ tó yí gbogbo nǹkan padà.

Ọjọ́ tí wọ́n pàdánù

Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ kò pọ̀. Thomas Berger ni agbẹjọ́rò wọn. Wọ́n ní kí ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ síta pé àwọn ló ni ilẹ̀ àwọn látayébáyé, kò sì sí òfin kan tó gba ẹ̀tọ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn rí. Wọ́n pàdánù ní 1969. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n tún pàdánù ní 1970. Ẹjọ́ náà wá dé iwájú adájọ́ méje ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, 1973.

Adájọ́ mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ wọn ṣì wà. Adájọ́ mẹ́ta ní ó ti wà rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ti pa á rẹ́. Ẹnì keje kò dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá: ó ní wọn ò gba ìwé àṣẹ tó yẹ kí wọ́n tó pe ìjọba lẹ́jọ́. Bí wọ́n ṣe pàdánù nìyẹn, mẹ́rin sí mẹ́ta, nítorí ìwé àṣẹ.

Ìdájọ́ Adájọ́ Emmett Hall, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, ni mò ń kà lálẹ́ ọjọ́ kan. Iná ti lọ, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló wà. Ó ń to àwọn ẹjọ́ àtijọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ti Amẹ́ríkà, ti ibòmíràn, láti fi hàn pé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kì í kú kìkì nítorí pé ìjọba tuntun dé. Mo sì rí orúkọ kan níbẹ̀: Amodu Tijani. Mo dáwọ́ ìwé kíkà dúró. Mo pè é jáde lẹ́nu. Olóyè Olúwa ti Èkó nìyí, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, nínú ẹjọ́ àwọn apẹja odò Nass, ní apá kejì ayé.

Púpọ̀ nínú wa mọ ẹjọ́ náà ní ìdajì. Ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, ọdún tí ìwé ẹ̀bẹ̀ Nisga'a dé Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Wọ́n ní Olúwa kì í ṣe onílẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ lásán ló máa ń gbà, nítorí náà owó díẹ̀ tó o. Ó kọ̀. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, ẹni tí wíwọn ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó kọ́, ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1921, Privy Council dá a láre. Viscount Haldane ló ka ìdájọ́. Ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, ó gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé, ti ẹbí, ó sì ní pé ìjọba yí padà kò túmọ̀ sí pé ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ ti dàrú.

Ilé-ẹjọ́ tó kọ̀ láti gbọ́ ti Nisga'a ló gbọ́ ti Olúwa. Lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́ta, ọ̀rọ̀ tí Olúwa gbà lẹ́nu wọn wá di ọ̀pá lọ́wọ́ Nisga'a. Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó pẹ́ tó nínú òkùnkùn yẹn. Ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé àwọn bàbá Èkó wọ̀nyí ti dáhùn ìbéèrè Ìyá Àgbà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìdáhùn náà ti rìn káàkiri ayé, ó ti dé Kánádà, ó ti dé Ọsirélíà nínú ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mabo, ní 1992, àwa tó jẹ́ ọmọ wọn sì jókòó sípàdé láìlè la ẹnu.

Nítorí adájọ́ mẹ́fà nínú méje ti gbà pé ẹ̀tọ́ náà wà rí, ìjọba ò lè ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ mọ́. Pierre Trudeau, olórí ìjọba Kánádà, sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀tọ́ wọn pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba kéde pé òun á bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ jókòó. Ìjíròrò pẹ̀lú Nisga'a bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ìjọba ìpínlẹ̀ dara pọ̀ ní 1990, wọ́n fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sí ìwé àdéhùn ní oṣù Kẹjọ 1998, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, 2000. Láti 1887, ọdún 113. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín lórí fóònù nígbà tí mo dé ibẹ̀. Wọ́n ní, “Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.”

Orin tí adájọ́ kò fẹ́ gbọ́

Ìtàn àwọn Gitxsan tó múlé gbe Nisga'a ló bí mi nínú jù. Ní 1984, àwọn àti àwọn Wet'suwet'en gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wọn lọ sílé-ẹjọ́, ìgbẹ́jọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Mary Johnson, ìyá àgbà kan, dìde láti kọ orin arò ilé rẹ̀, nítorí inú orin yẹn ni ẹ̀rí wà: ibi tí ìyà ti jẹ àwọn baba ńlá rẹ̀, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn dì mú. Adájọ́ Allan McEachern kò fẹ́. Ó ní etí òun kò gba orin, pé kò sí àǹfààní tó máa ṣe bí wọ́n bá kọ ọ́ fún òun. Ìyá náà kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ní 1991, adájọ́ yẹn dá ẹjọ́ náà nù.

Mo rò ó pé ká ní Ìyá Àgbà wa ló dúró níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé àwa la ni ilẹ̀ yẹn, oríkì ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ní ìwé mìíràn.

Ọdún 1997 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó tún un ṣe, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Delgamuukw. Wọ́n ní ìtàn ẹnu gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kó sì wúwo bíi ti ìwé. Láti ìgbà náà, ẹ̀yà tó bá ń múra àdéhùn mọ̀ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti lọ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bá wọn rìn dé orí ilẹ̀.

Ohun tó ná wọn

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ilẹ̀ tí Nisga'a gbà, nǹkan bí 2,000 kìlómítà níbùú-lóòró, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó jẹ́ tiwọn. Wọ́n ní ìjọba tiwọn níbẹ̀ àti ẹ̀tọ́ lórí ẹja, ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti máa san owó orí tí òfin ti yọ wọ́n kúrò nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn Gitanyow aládùúgbò wọn sì figbe ta pé apá kan ilẹ̀ tí àdéhùn náà mẹ́nu bà jẹ́ tàwọn, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́. Ààlà kì í dákẹ́ níbi kankan láyé.

Àwọn ẹ̀yà tó tẹ̀ lé ọ̀nà àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ ní British Columbia ní 1993 tún rí nǹkan mìíràn. Ìpele mẹ́fà ni ọ̀nà náà, ìpele kejì sì ni ìmúrasílẹ̀: kí ẹ̀yà fi hàn pé àwọn èèyàn òun ló rán òun níṣẹ́, pé òun ní àwọn tó máa sọ̀rọ̀, pé òun ti ń bá aládùúgbò yanjú ààlà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó láti ọwọ́ ìjọba kan náà ni púpọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ń múra. Èèyàn ń yáwó lọ́wọ́ ẹni tó gba ilẹ̀ rẹ̀, láti fi bá a dúnàádúrà lórí ilẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀yà kan tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti wọlé. Ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ tó sọ pé òun fagi lé gbèsè náà. Mo ka ìyẹn, inú mi ò dùn bó ṣe yẹ kó dùn, nítorí gbèsè tí kò yẹ kó wà rárá ni.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, 1998, Joseph Gosnell, olórí Nisga'a, dúró nínú ilé aṣòfin ní Victoria, ìlú tí wọ́n ti lé àwọn baba rẹ̀ padà, ó sì rán wọn létí ìrìn-àjò ọkọ̀ 1887. Mo máa ń padà sí ìyẹn.

Pèrègún méje

Níbí, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, kó máa bá àwọn ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Òun ni àbúrò bàbá mi ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ní “wọ́n á fún wa padà.” Mi ò bínú sí wọn mọ́. Ohun tí wọ́n bí wọn bá ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Ẹlẹ́sì ti Òdogbolú ló sọ ọ́, pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àìlóǹkà kò sì tíì dé ayé. Ó wù mí kí wọ́n kà á sókè nípàdé wa tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba owó.

Sátidé tó kọjá, mo padà sí abúlé. Ìyá Àgbà mú ọ̀pá wọn, èmi mú fóònù, ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá mú ìwé àti bírò. Pèrègún méje ni wọ́n ní bàbá àwọn gbìn sí ààlà. Mẹ́rin la rí. Níbi ìkarùn-ún, òpó kọnkéré ló wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wa. Wọ́n dé ibi tó ti dárúkọ odò kan, odò tí kò sí nínú máàpù àwọn tó wá wọnlẹ̀. Ọmọ náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un pè, àmì orúkọ náà ń da òun láàmú, òun fẹ́ kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sán ti pọ́n, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, a wá yà sílé. A ó tún lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, nítorí a ò tíì dé ibi méjì tó kù.